Orúkọ Bàbá Ráímì Nínú Ìwé Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́rọ

Ọ̀fà,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí a dé láti mọ́ṣáláṣí.

Rìsìkátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ tí mo ń retí lọ́wọ́ yín, bí ẹ ò bá ní fi iṣẹ́ pa ara yín kẹ́ ẹ tó bí i. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tó mú un wá láti Kàdúná kò tilẹ̀ tíì mu omi tó fi pariwo pé wọ́n ti fi ọmọ mi ṣe akápò ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ kí n tó ya àpò ìwé náà. Mo jó díẹ̀. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n jó tó bí mo ṣe fẹ́.

Ìgbà tí mo dé ojú ewé kejì ni ijó tán lára mi. O kọ ọ́ síbẹ̀, bí ẹni ń ròyìn òjò, pé ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ yín tó ń jẹ́ Làsísì kú ní oṣù méjì sẹ́yìn. O ní owó ìsìnkú tó yẹ kí ẹgbẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ kò tíì pé lọ́wọ́ rẹ. O ní ìwọ lo dá a lábàá pé kí wọ́n má tíì fa orúkọ rẹ̀ yọ nínú ìwé, kí ẹ ṣì máa pè é ní ìpàdé títí owó yóò fi pé. O ní o rántí bí a ṣe ṣe é nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́rọ nílé, o sì kọ́ wọn, inú wọn sì dùn sí àṣà Ọ̀fà.

Rìsí, orí mi fò. Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sábẹ́ ẹní, mo tún yọ ọ́, mo tún kà á. Láti ọjọ́ Ajé títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń bá jẹun.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Mi ò bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ kó bá mi kọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ìkọ̀wé mi bá wọ́, ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo lọ, kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì. Má rẹ́rìn-ín. Jókòó sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yọjú wo ohun tí ò ń kà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi lo fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ yìí. Èmi ni mo jìn sí kòtò.

O mọ̀ pé ẹ̀rọ méjì ni bàbá rẹ fi sílẹ̀ nígbà tó kú, èyí tó ń lọ ata àti ẹ̀wà, àti èyí tó ń rin ẹ̀gẹ́, ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Ìjàgbò. Àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́rọ kò lé mi dànù pé mo jẹ́ obìnrin. Wọ́n fi mí sí àyè bàbá rẹ, kò sì ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi sọ mí di akápò. Wọ́n ní obìnrin kì í náwó sẹ́nu ọtí. Èmi náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwa méjìlá ni. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń pàdé ní ilé ẹ̀rọ Bàbá Alága, lẹ́yìn ìrun Alásàrì. O kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo rí i pé o ń kíyè sí wa. Agolo bisikíìtì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí a lu ihò sí lórí. Náírà márùn-ún ni owó oṣù. Olúkúlùkù á di tirẹ̀ sínú ìrépé aṣọ àpò ìyẹ̀fun láti ilé, á sọ ọ́ sínú agolo kó tó wọlé. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákẹ́ lóṣù yẹn lè di náírà kan, ó sì lè di kọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé òun ni. Iye ìdì la fi ń mọ̀ pé ẹgbẹ́ pé. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ojú má baà ti ẹni tí kò ní, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní.

Akọ̀wé wa jẹ́ bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Òun ló ń pe orúkọ. Bó bá pe ẹni tí kò tíì dé, ẹni tó jókòó sún mọ́ àyè onítọ̀hún á dáhùn pé, "Ó ń bọ̀." Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, á ní, "Wọ́n ń bọ̀." Ẹni tí kò bá ní ẹni tó máa dá a lóhùn ni wọ́n ń kọ pé kò wá, òun ló sì ń san owó ìtanràn. Bí ẹni kan bá wá kú, ọ̀ọ́dúnrún náírà ni ẹgbẹ́ ń gbé fún ilé rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba owó yẹn ni Akọ̀wé tó lè fi gègé fa igi lé orúkọ rẹ̀ lórí. Òfin wa ni. Ẹni tí a kò tíì san tirẹ̀ kò tíì kúrò nínú ẹgbẹ́.

Nígbà tó yá, irin inú ẹ̀rọ ata wa tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíránkì ṣẹ́. Àwẹ̀ kù díẹ̀, àsìkò tí ẹlẹ́rọ ń rówó gan-an. Mẹkáníìkì ní ọ̀ọ́dúnrún náírà. Mo wo inú ilé, mi ò ní in. Mo ṣí àpótí ẹgbẹ́, mo kà á jáde. Yíyá ni mo pè é. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, èmi nìkan nínú yàrá, "Mo yá a o," bí ẹni pé àpótí á jẹ́rìí mi. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, a rí owó nínú Àwẹ̀, owó ilé ìwé yín sì gbé e lọ.

Nítorí náà ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí, ọmọ mi. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó tí èèyàn ń yá láìsí ẹni tó yá a fún un. Bí kò bá sí ẹnìkejì tó gbọ́, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́, ìwọ náà sì mọ orúkọ náà.

Lẹ́yìn náà ni ọdún tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó dé. Gbogbo ayé ń kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì. Bàbá Alága bi mí pé, "Akápò, owó ẹgbẹ́ ńkọ́?" Mo ní, "Mo ti pààrọ̀ ẹ̀, Bàbá." Kò sí ohun tí mo pààrọ̀. Irọ́ kan ti bí èkejì, mo sì ń tọ́ àwọn méjèèjì.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Ráímì kú.

Ilé ẹ̀rọ wọn wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dé ìpàdé, wọ́n á sọ ìdì wọn sínú agolo, wọ́n á lọ jókòó sí ìdí fèrèsé, àyè tó tẹ̀ lé tèmi. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí bàbá rẹ kú, àwọn ló bá mi tan ẹ̀rọ títí ọjọ́ mẹ́jọ fi pé, wọn ò sì gba kọ́bọ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé ìsìnkú wọn, Bàbá Alága ní, "Akápò, ọ̀la la máa gbé owó lọ fún Ìyá Ráímì. Bá wa mú un jáde."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù díẹ̀. Ráímì ò tíì ti Àbíjàn dé. Ojú ọmọ wọn ló yẹ ká ti fa orúkọ wọn yọ, ìyẹn ló níyì. Títí ó fi máa dé, ẹ jẹ́ ká ṣì máa pè wọ́n láàárín wa."

Gbogbo wọn mirí. Ẹnì kan ní, "Akápò mọ iyì àgbà." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Ṣé ìwọ náà rí i bó ṣe dùn mọ́ àwọn ará Kàdúná?

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé ń pe orúkọ lọ. Ó dé orí Bàbá Ráímì. Èmi ni mo jókòó sún mọ́ àyè wọn. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Wọ́n ń bọ̀."

Mi ò lè ṣàlàyé bí ohùn mi ṣe rí létí ara mi. A jọ tú agolo. Èèyàn mọ́kànlá la jókòó, ìdì méjìlá ló bọ́ sílẹ̀. Mọ́kànlá jẹ́ aṣọ àpò ìyẹ̀fun. Èkejìlá jẹ́ aṣọ funfun báláú, aṣọ tuntun tí kò tíì fojú kan omi. Akọ̀wé tú u. Náírà márùn-ún ni, ṣùgbọ́n aláwọ̀ àtijọ́, èyí tí kò ná mọ́.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló fẹ́ fi owó ìgbà ìwáṣẹ̀ san owó oṣù?" Bàbá Alága bínú, wọ́n ní bó bá jẹ́ àwàdà ni, kò dùn. A ka ara wa, a tún ka ìdì. Wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀, bóyá ẹni tó ni í á yọjú.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Akọ̀wé pè, mo ní wọ́n ń bọ̀, ìdì funfun kan bọ́ sílẹ̀, náírà márùn-ún àtijọ́. Oṣù kẹta, bákan náà. Wọ́n gbé agolo kúrò lẹ́nu ọ̀nà wá sí àárín wa, pé kí olúkúlùkù wá sọ tirẹ̀ sínú rẹ̀ lójú gbogbo wa. Mọ́kànlá la rí tó sọ ọ́. Méjìlá la tú. Àwọn kan kírun sí i. Àwọn kan ní kí á yéé pe orúkọ náà, Akọ̀wé sì ní òun kò lè fo orúkọ tí kò tíì ní igi lórí, òfin ni. Wọ́n wá yíjú sí mi pé, "Akápò, Ráímì ò tíì dé ni?" Mo ní kò tíì dé. Ráímì ti dé, ó ti padà sí Àbíjàn. Mo bá a nílé wọn, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má wulẹ̀ yọjú sí ẹgbẹ́, pé inú wọn kò dùn.

O mọ bí ilé ẹ̀rọ ṣe máa ń rí. Ìyẹ̀fun á bo gbogbo nǹkan, àga, fèrèsé, irun imú èèyàn pàápàá. A máa ń nu àga kí á tó jókòó. Ó wá di pé bí a bá dé, ìyẹ̀fun bo gbogbo àga, àfi ìdí fèrèsé, ìwọ̀n ibi tí ẹnì kan lè jókòó sí. Èmi tí àyè mi tẹ̀ lé e ni mo kọ́kọ́ rí i. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń tètè dé, kí n fi ọwọ́ fọ́n ìyẹ̀fun síbẹ̀ kí àwọn yòókù má baà rí i. Ṣé o rí bí mo ṣe dà, èmi akápò tí kì í náwó sẹ́nu ọtí?

Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹnì kan ní ara òun kò yá. Ẹnì kan ní òun ń lọ máa gbé ní Ìlémọ̀nà. Àwọn méjì kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan, wọ́n kàn dẹ́kun wíwá. Àwa mọ́kànlá di méje. Owó oṣù tó máa ń jẹ́ ọgọ́ta náírà nígbà ayé Bàbá Ráímì di márùndínlógójì. Èmi náà ń dá owó padà sínú àpótí díẹ̀díẹ̀, náírà mẹ́ta lónìí, méjì lọ́la, ṣùgbọ́n epo ẹ̀rọ ń wọ́n sí i, ọwọ́ mi kò sì tẹ iye náà.

Ní oṣù kejìlá, mo tú ìdì funfun, owó tuntun ló wà nínú rẹ̀.

Rìsí, ọjọ́ yẹn ni jìnnìjìnnì bò mí jù. Owó àtijọ́ yẹn, mo ti ń tan ara mi pé ẹnì kan ló ń fi wá ṣeré. Ṣùgbọ́n owó tuntun! Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé òkú ti lọ pààrọ̀ owó. Wọ́n ti rí i pé a kò ná ti àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ san gbèsè wọn, àwọn tí kò jẹ wá ní kọ́bọ̀, èmi tí mo jẹ wọ́n sì jókòó tì wọ́n tí mò ń dáhùn fún wọn.

Mo fara dà á fún oṣù márùn-ún sí i. Ní oṣù kẹtàdínlógún, mo lọ sí ilé ẹ̀rọ Bàbá Alága láti ọ̀sán, mo jókòó sẹ́yìn àwọn àpò èlùbọ́. A ti dá agolo padà sẹ́nu ọ̀nà tipẹ́tipẹ́. Oòrùn mú, ìlú dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ìyá Ráímì ni. Wọ́n yọ ìdì funfun lábẹ́ gèlè, wọ́n sọ ọ́ sínú agolo, wọ́n wo inú ilé ẹ̀rọ díẹ̀, wọ́n sì ń lọ.

Mo dìde. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi. Èèyàn ni! Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń mú un wá?"

"Èmi ni o, Akápò. Ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń yọ yín lẹ́nu."

"Ṣùgbọ́n Bàbá ti lọ. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa san án?"

Wọ́n wo ojú mi bí ẹni pé èmi ló yẹ kó mọ̀. Wọ́n ní, "Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n wá bá mi lójú oorun. Wọ́n ní, 'Wọ́n ń pè mí. Oṣooṣù ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń dìde. Bí mo bá dé ibẹ̀, wọn ò gba owó ọwọ́ mi. Bá mi wá èyí tó ń ná.' Ni mo bá ń ta igi ìdáná, mo ń bá wọn san án."

Mo kàn bèèrè ohun tí mo rò pé ó máa tù mí nínú. Mo ní, "Owó àtijọ́ yẹn náà ńkọ́, Ìyá? Ẹ̀yin náà lẹ mú un wá?"

"Owó àtijọ́ wo?"

"Ìdì funfun. Láti ọdún tó kọjá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo tíì wá, pẹ̀lú tòní. Aṣọ tó ṣẹ́ kù lára èyí tá a fi sin wọ́n ni mo fi ń di í, ìdì mẹ́fà péré ló sì ká. Tòní ló tán." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Bàbá Ráímì ní owó díẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí tí àìsàn ò jẹ́ kí wọ́n lọ pààrọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kú, a wá a títí, a ò rí i."

"Èló ni, Ìyá?"

"Náírà márùn-ún, márùn-ún. Mọ́kànlá ni."

Mi ò sọ fún wọn pé mọ́kànlá ló wà nínú àpótí mi nílé. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Mi ò rántí ọ̀nà tí mo gbà délé.

Èmi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọ mi. Mo ti bi Àfáà, wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì. Mo ti ro gbogbo ènìyàn tó lè rí ọ̀nà dé abẹ́ ìrọ̀rí yẹn, ọkàn mi kò gba ẹyọ kan nínú wọn. Mo ti dàgbà, mo sì ti gbà pé n ó kú láì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ láti sinmi, èmi ni mi ò jẹ́ kó sinmi, nítorí kíránkì ẹ̀rọ ata.

Mo ta ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. O bi mí nígbà náà ìdí tí mo fi tà á, mo ní ó ti gbó. Kò gbó. Nígbà tí ìpàdé dé, kí Akọ̀wé tó ṣí ìwé, mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn mẹ́fà tó kù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ owó pípààrọ̀ àti ti Ráímì. Mo da ọ̀ọ́dúnrún náírà sílẹ̀, mo fi ọgbọ̀n náírà Ìyá Ráímì lé e.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Akọ̀wé ní, "Kí ni kí n kọ sínú ìwé?" Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí." Ó kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní kí wọ́n gba àpótí lọ́wọ́ mi, Bàbá Alága kọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ lo máa mú un títí. Ẹni tí iná ti jó kì í fi iná ṣeré mọ́." Èmi ni mo sì mú un títí ẹgbẹ́ fi tú, nígbà tí ẹ̀rọ pọ̀ ní gbogbo ojúlé tí owó ìlọta kò tó ra epo mọ́. Kọ́bọ̀ kan kò tún sọnù lọ́wọ́ mi.

Àwa méjèèje la rìn lọ sílé Ìyá Ráímì lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀ọ́dúnrún tí ìbá ra àgbò àti ìrẹsì nígbà tí ọkọ wọn kú kò lè ra àgbò nìkan mọ́, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa náà sì mọ̀. Mo ń retí èpè. Wọ́n so owó mọ́ etí aṣọ, wọ́n ní, "Ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n mọ́."

Akọ̀wé fa igi náà níbẹ̀, lórí orúnkún rẹ̀. Láti oṣù tó tẹ̀ lé e, àwa méje, ìdì méje.

Mo ṣì ní owó àtijọ́ mọ́kànlá yẹn. Ó wá sí mi lọ́kàn láti fi ẹyọ kan sínú ìwé yìí kí o lè fi ojú rẹ rí i. Ọwọ́ mi kò gbé e sínú àpò ìwé tí orúkọ ọmọ mi wà lára rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kejì: má fi iyì bo gbèsè mọ́lẹ̀. Bí o bá gbọ́ tí ẹnu rẹ ń sọ ọ̀rọ̀ tó dùn nípa òkú, kọ́kọ́ wo àpótí. Ẹ̀kẹta: ṣí ìwé àti àpótí papọ̀ lójú ẹlòmíràn lóṣooṣù, bí wọn ò tilẹ̀ bèèrè. Bí wọ́n bá ní àwọn gbẹ́kẹ̀ lé ọ, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù ìmọ̀ràn mi, nípa ọkọ rẹ àti oúnjẹ tí o kì í sè jinná, di ọjọ́ mìíràn.

Ohun kan wà tí mo ti ń yẹra fún láti òkè. O kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ pé o ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, èyí tó ń lo iná. Mi ò bi ọ́ níbi tí o ti rówó rẹ̀. Mi ò ní í bi ọ́ láéláé. Ìwọ ni mo bí, mo sì mọ bí yàrá ṣe máa ń rí nígbà tí èèyàn bá dá nìkan wà níbẹ̀ tó ní, "Mo yá a o."

Ta á, Rìsí. Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ọ jẹ, jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Gbé owó náà lọ sọ́wọ́ ìyàwó Làsísì fúnra rẹ, sọ òtítọ́ fún ẹgbẹ́ bó ṣe rí, kí ẹ sì fa orúkọ náà yọ lójú rẹ̀. Bí owó tí o tà á kò bá tó, ránṣẹ́, ẹ̀rọ ata mi ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ ti pe ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìpàdé yín tó kàn kù ọjọ́ mẹ́sàn-án. Jẹ́ kó sùn.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ.